Ẹ Ka Èémí Ẹ́ńjìnì Yín Kí Ẹ Tó Ra Dìkódà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Mo ní ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin olóoru kan, àwòkọ ìwọ̀n 1:22.5, onísílíńdà méjì, tó ní wíìlì mẹ́jọ tí mótò iná ń yí, àti ọkọ̀ èédú lẹ́yìn rẹ̀. Inú ọgbà ni mo ti máa ń wà á, lórí irin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ milimítà 45, DCC (ọ̀nà ìdarí tó ń rán àṣẹ sí ọkọ̀ gba inú irin) ni mo sì fi ń darí rẹ̀. Dìkódà olóhùn tí mo kọ́kọ́ fi sí i (pátákó kékeré tó ń gba àṣẹ, tó sì ń dún bí ọkọ̀ gidi), èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké, jóná ní ọ̀sẹ̀ kejì nígbà tó ń fa ọkọ̀ ẹrù mẹ́fà gun òkè. Àwọn kan ní kí n ra èyí tó wọ́n jù lọ, àwọn mìíràn ní èyíkéyìí tí ohùn rẹ̀ bá ti dára náà ni. Èwo ni kí n rà, kí sì ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú dìkódà tó jóná yẹn. Ó dùn mí, nítorí pé ẹ kò ra ayédèrú. Ẹrù tí ẹ dì lé e lórí ló ju agbára rẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n fún yín ni n kò bá wọn lọ́wọ́ sí. Iye owó kọ́ ló yẹ kó ṣáájú, orúkọ ilé iṣẹ́ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohùn tó dùn létí nínú fídíò. Ẹ́ńjìnì yín gan-an ni kí ẹ bi ní ohun méjì: iye iná tó ń jẹ, àti iye ìgbà tó ń mí, ìyẹn ìró fú, fù rẹ̀, bí wíìlì rẹ̀ bá yí ká lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ti mọ ìdáhùn méjèèjì, dìkódà tó máa kù nílẹ̀ fún yín láti yàn kò ní pọ̀ mọ́, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ohùn tó dùn yóò tó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iná, torí òun ló pa ti àkọ́kọ́. Dìkódà ló ń gbọ́ àṣẹ tí ẹ̀rọ ìdarí ń rán gba inú irin, òun náà ló sì ń pín iná fún mótò, fún iná iwájú, fún ẹ̀rọ èéfín àti fún sípíkà. Gbogbo iná tí ẹ́ńjìnì bá jẹ, inú rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Dìkódà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ìwọ̀n 1:87 sábà máa ń gbé áńpù 1 tàbí díẹ̀ lé ní 1, iná orí irin tí wọ́n sì fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é jẹ́ bíi fóltì 14 sí 16. Ní ìwọ̀n tiyín, fóltì 18 sí 24 ló wọ́pọ̀, mótò sì lè béèrè áńpù 2 tàbí 3 bó bá dé ibi òkè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: lórí ilẹ̀ títẹ́jú ó ń rọ́jú, nígbà tó di orí òkè, agbára rẹ̀ tán.

Níwọ̀n ìgbà tí dìkódà ti kúrò nínú ẹ́ńjìnì báyìí, ẹ lo àǹfààní yẹn. Ẹ so mótò mọ́ iná DC lásán, kí ẹ fi mítà tó ń ka áńpù sí ojú ọ̀nà wáyà kan, kí ẹ gbé fóltì rẹ̀ dé iye tí ẹ máa ń lò. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sórí irin, kí ẹ fi ọwọ́ fà á mọ́ra láti ẹ̀yìn títí tí wíìlì yóò fi máa yọ̀ lójú kan láìlọ síbì kankan. Ẹ kọ ohun tí mítà bá sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ kí wíìlì dúró pátápátá, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, torí bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ mótò náà á gbóná, kí ẹ sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Iye àkọ́kọ́ ni dìkódà gbọ́dọ̀ lè gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Iye kejì ni ó gbọ́dọ̀ lè fara dà fún ìgbà díẹ̀ kí ààbò inú rẹ̀ tó gé iná.

Ẹ má sì fi ti mótò nìkan mọ. Ká ní mótò yín jẹ áńpù 1.8 nígbà tí wíìlì ń yọ̀, tí ẹ̀rọ èéfín jẹ 0.8, tí iná iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ 0.2, tí ohùn sì jẹ 0.4, àpapọ̀ rẹ̀ ti di áńpù 3.2. Dìkódà tí wọ́n kọ áńpù 3 sí lára kò tó ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń gbé 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá ń ka ìwé tó bá dìkódà wá, ẹ ṣọ́ra, torí pé ó lè jẹ́ oríṣi iye mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀: ohun tí mótò nìkan lè gbà, àpapọ̀ ohun tí gbogbo rẹ̀ lè gbà, àti ohun tó lè gbà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àwọn tó ń polówó ọjà a máa fi èyí tó tóbi jù síwájú.

Ó wá kan èémí, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò.

Ohun tó ń mú kí ẹ́ńjìnì olóoru tòótọ́ máa mí ni pé ooru omi tó ti ti písítìn tán gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà jáde, ṣímínì ló sì máa ń gbà jáde pẹ̀lú agbára. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń gba ooru láti iwájú, ó tún ń gbà á láti ẹ̀yìn, nítorí náà písítìn kan máa ń tú ooru dànù lẹ́ẹ̀mejì bí wíìlì bá yí ká lẹ́ẹ̀kan. Sílíńdà méjì, èémí mẹ́rin. Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọ̀pá tó so písítìn mọ́ wíìlì ní apá kan síwájú ti apá kejì ní ìdá mẹ́rin àyíká wíìlì, kí èémí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa tẹ̀ lé ara wọn dọ́gbadọ́gba: fú, fù, fú, fù. Tiyín nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnì ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì A4 onísílíńdà mẹ́ta tí Nigel Gresley yà fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin LNER ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ onísílíńdà mẹ́rin ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré, torí pé èémí wọn máa ń bọ́ sórí ara wọn ní méjì méjì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì Lord Nelson ti ilé iṣẹ́ Southern Railway, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nítorí bí wọ́n ṣe yí igun ọ̀pá rẹ̀. Ẹ́ńjìnì Shay, tó fa igi gẹdú nínú igbó Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ní jíà láàárín sílíńdà àti wíìlì, ìdí nìyẹn tí èémí rẹ̀ fi máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé nígbà tó jẹ́ pé ìrìn jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Ẹ́ńjìnì Big Boy ti ilé iṣẹ́ Union Pacific ní Amẹ́ríkà sì ní ọ̀wọ́ wíìlì ńlá méjì tí kò so mọ́ra, tí èémí wọn máa ń bára mu fún ìgbà díẹ̀, tí yóò tún yà. Ẹni tó bá ní irú àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ rí i dájú pé dìkódà tó fẹ́ rà gbà kí a yí iye èémí padà. Tiyín rọrùn ní ti ìyẹn.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì fún ọkọ̀ ńlá ju ti kékeré lọ? Nítorí pé ojú rí i ni. Ní ìwọ̀n 1:87, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ wíìlì kéré débi pé bí ohùn àti ọ̀pá kò bá tilẹ̀ bára mu, ojú kò ní lè mú un. Ní ìwọ̀n tiyín, ọ̀pá náà hàn kedere, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ óò sì máa wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wíìlì tí gbọọrọ àárín rẹ̀ jẹ́ milimítà 40 ní ìwọ̀n 1:22.5 dúró fún wíìlì milimítà 900 lára ọkọ̀ gidi. Bí ọkọ̀ gidi náà bá ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan, wíìlì yóò yí bí ìlàjì àyíká ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí rẹ̀ yóò sì jẹ́ méjì. Méjì yìí, etí lè kà á, ojú lè kà á. Bó bá dé kìlómítà 20, èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí ẹni tó lè kà á mọ́. Nítorí náà, ìrìn jẹ́jẹ́, ìgbà tí ọkọ̀ ń gbéra àti ìgbà tó ń wọ ibùdókọ̀, ni àṣírí dìkódà tí kò bá wíìlì mu ti máa ń tú.

Ọ̀nà méjì ni dìkódà ń gbà mọ ìgbà tó yẹ kó mí. Ọ̀nà kìíní ni kó fojú bù ú. Ó máa ń dá iná mótò dúró fún ìgbà kúkúrú tí ojú kò lè rí, ó sì máa ń wo iná tí mótò fúnra rẹ̀ ń mú jáde bó ti ń yí, ibẹ̀ ló ti ń mọ bó ṣe ń yára tó. Bí ẹ bá fún un ní iye tó yẹ nínú CV rẹ̀ (àwọn àyè onínọ́ńbà tí a ń kọ ètò dìkódà sí), ó lè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí kó súnmọ́ ọn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí eré bá wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mótò bá ń yí díẹ̀díẹ̀, iná tó ń mú jáde kéré púpọ̀, ìfojúbù náà a sì máa ṣìnà, ìyẹn ní àkókò gan-an tí ojú yín wà lára ọ̀pá.

Ọ̀nà kejì ni sẹ́ńsọ̀. Ẹ lẹ òòfà kéékèèké mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn wíìlì kan, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ òòfà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lára férémù, gbogbo ìgbà tí òòfà kan bá kọjá, dìkódà á mí. Kò sí ìfojúbù níbẹ̀. Bí wíìlì bá dúró, èémí dúró, bí wíìlì bá yọ̀, èémí á yára gẹ́gẹ́ bíi ti ọkọ̀ gidi. Ìmọ̀ràn mi fún ìwọ̀n 1:22.5 sókè ni pé kí ẹ má ra dìkódà kankan tí kò ní ẹnu tí wáyà sẹ́ńsọ̀ lè wọ̀, kódà bí ẹ kò bá ní í lò ó lọ́dún yìí.

Iṣẹ́ òòfà yìí gba sùúrù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ojú lásán ni mo fi wọn ibi tí mo lẹ wọ́n sí, ọ̀kan sì fi bíi milimítà 2 kúrò ní àyè rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì gbéra, ṣe ló ń tiro: fú, fù, fú… fù, fú, fù, fú… fù. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo gé páálí róbótó tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ẹ̀yìn wíìlì, mo ká a sí méjì, mo tún un ká sí méjì, mo sì fi ojú ìlà mẹ́rin tó hàn lára rẹ̀ sàmì sí wíìlì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo páálí. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sọ: kì í ṣe ibi tó bá wù yín ni kí òòfà ti máa kan sẹ́ńsọ̀. Lára ọkọ̀ gidi, ooru ń tú jáde nígbà tí písítìn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ìrìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ yí wíìlì títí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kan yóò fi dé iwájú pátápátá tàbí ẹ̀yìn pátápátá, kó ku díẹ̀ kó dé, kí ẹ sì jẹ́ kí òòfà kan wà níwájú sẹ́ńsọ̀ níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù á tò síbi tó yẹ fúnra wọn.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí etí wíìlì, ẹ jẹ́ kó máa rìn ní ìrìn tó lọ́ra jù lọ, kí ẹ sì ka èémí títí àmì náà yóò fi yí ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ogójì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ 37 tàbí 44, ìfojúbù ni dìkódà ń ṣe, sẹ́ńsọ̀ yín kò ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èémí tó bọ́ sákòókò kò tíì tó bí gbogbo èémí bá dún bákan náà. Ọkọ̀ gidi tó ń gbéra pẹ̀lú ẹrù ń mí gùn-ún-gùn, ó ń dún kíkankíkan; bí eré bá ti wọ̀ ọ́ lára, awakọ̀ á dín ooru tó ń wọ sílíńdà kù, èémí á sì di kúkúrú, á fúyẹ́; bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, awakọ̀ á ti ooru pa, ẹ kò sì ní gbọ́ ju ìró ọ̀pá irin lọ. Dìkódà tó dára máa ń fi iṣẹ́ tí mótò ń ṣe mọ̀ bóyá òkè ni tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì máa ń yí ohùn padà bó ṣe yẹ. Ẹ ran án lọ́wọ́: ẹ gbé CV3 àti CV4 sókè, kí ọkọ̀ má máa gbéra tàbí dúró lójijì. Bí CV méjèèjì bá wà ní òdo, ẹ́ńjìnì á ti dé orí eré kí ohùn ìgbéra tó ráyè dún, owó tí ẹ san lé ohùn náà á sì ṣòfò.

Ó wá ku ohùn fúnra rẹ̀. Ẹ wá mọ irú ọkọ̀ gidi tí ẹ́ńjìnì yín jẹ́ àwòkọ rẹ̀. Ṣé fèrè rẹ̀ ń dún lóhùn kan ni, àbí ohùn púpọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ bíi ti Amẹ́ríkà? Ṣé atẹ́gùn ló fi ń dá ọkọ̀ dúró, tí ẹ máa gbọ́ ẹ̀rọ tó ń fún atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà bó bá dúró? Ṣé èédú ni wọ́n ń kó sí i, kí ìró ṣọ́bìrì lè tọ́ sí i, àbí epo? Agogo Amẹ́ríkà lórí ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń dun àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà méjì ni àwọn ilé iṣẹ́ gbà ń ṣe é. LokSound 5 XL ti ESU ní Jámánì àti àwọn dìkódà ńlá ZIMO ní Ọ́síríà gbà kí ẹ kó ohùn ọkọ̀ kan pàtó sínú wọn láti orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì pa á rẹ́ kí ẹ tún kó òmíràn. Ẹ máa nílò ẹ̀rọ ìkóhùn tiwọn, tàbí kí ẹni tó tà á fún yín bá yín kó o. Tsunami2 TSU-4400 ti SoundTraxx ní Amẹ́ríkà, tó ń gbé áńpù 4, ti ní oríṣiríṣi fèrè, agogo àti èémí nínú láti ilé iṣẹ́, CV ni ẹ óò fi ṣà wọ́n lẹ́ṣà. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ọ̀nà kejì yìí á bá yín lára mu. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ àwòkọ ọkọ̀ kan pàtó tí wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà kìíní ló yẹ ẹ́.

Pátákó tó jẹ́ ti ohùn nìkan náà wà, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Phoenix Sound ṣe, tí kò dá sí mótò rárá. Ẹni tó ń fi bátìrì wa ọkọ̀, tàbí tí dìkódà mótò rẹ̀ ṣì lágbára, lè rà á. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo, ẹ ra èyí tó ṣe méjèèjì pọ̀, torí pé òun nìkan ló ń mọ iṣẹ́ tí mótò ń ṣe láìsí wáyà àfikún.

Sípíkà kì í dún dáadáa bí a kò bá fún un ní ilé. Ẹ fi èyí dán an wò: ẹ mú sípíkà dání lásán, ẹ tẹ fèrè, ẹ ó gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ẹ̀fọn. Ẹ wá gbé e dé ẹnu ife oníke kí etí rẹ̀ bò ó pátápátá, ẹ tún fèrè náà tẹ̀, ohùn á nípọn lójú ẹsẹ̀. Ohùn tó ń ti ẹ̀yìn sípíkà jáde ló ń pa èyí tó ń ti iwájú jáde bí wọ́n bá ráyè pàdé. Nítorí náà, ẹ ṣe àpótí fún un nínú ọkọ̀ èédú, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú àlàfo rẹ̀, títí kan ihò tí wáyà gbà wọlé, kí ẹ dojú sípíkà kọ ilẹ̀, kí ẹ sì lu ihò síbẹ̀ kí ohùn lè jáde. Ọkọ̀ èédú yín lè gba sípíkà tí gbọọrọ rẹ̀ tó milimítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó tóbi jù tó lè wọ ibẹ̀ ni kí ẹ rà, torí pé ìta gbangba kò ní ògiri tó máa dá ohùn padà fún yín. Ẹ wo ómù (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó) tí ìwé dìkódà sọ. Bó bá ní kó má kéré sí 8, tí ẹ sì so sípíkà ómù 8 méjì mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti di 4, ẹ ó sì sun ibi tí ohùn ti ń jáde nínú dìkódà.

Irin inú ọgbà máa ń dọ̀tí. Ẹ ra kapásítọ̀ tí ilé iṣẹ́ dìkódà náà fọwọ́ sí, kó lè gbé iná fún ìgbà tí wíìlì bá kọjá lórí ìdọ̀tí, kí ohùn má baà já kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìdarí yín bá sì jẹ́ ti àtijọ́ tó ń lo ìpele eré 14 nígbà tí dìkódà ń retí 28, iná iwájú á máa tàn, á máa kú bí ẹ bá ti ń fi eré kún un. CV29 ni ẹ óò yí, dìkódà kò bàjẹ́.

Lójú tèmi, ohun tó yẹ ẹ́ńjìnì yín ni dìkódà tó ń gbé áńpù 4 ó kéré tán, tó ní ẹnu sẹ́ńsọ̀ àti ibi tí a lè so ẹ̀rọ èéfín mọ́, pẹ̀lú òòfà mẹ́rin lẹ́yìn wíìlì. LokSound 5 XL ni èmi ìbá kọ́kọ́ wò, bí ẹ bá rí ohùn ọkọ̀ yín gan-an fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, TSU-4400, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ìwé rẹ̀ ní ti ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ẹ má fi fóòmù tàbí aṣọ wé e nínú bọ́ílà; ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè kan ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ de é mọ́. Kí ẹ tó fi ìdérí bò ó, ẹ so ọkọ̀ ẹrù mẹ́fà yẹn mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó máa gun òkè kan náà fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ pa iná, kí ẹ sì gbé ìka lé dìkódà. Bí ìka yín bá lè dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ lè fi ìdérí sí i.